Ẹ Má Dúró Di Ọ̀la Kí Ẹ Tó Kéde Ìyá Àgbà

Lábẹ́ afárá Sángò ní Ọ̀tà, ọkọ̀ kan ń pe Abẹ́òkúta, òmíràn ń pe Ìdírókò ní ibodè Benin, òmíràn ń pe Òṣòdì. Bàbá ẹni àádọ́rin ọdún tí iyè rẹ̀ ti ń rá lè wọ èyíkéyìí nínú wọn, kọ̀ńdọ́ ò sì ní bi í ju owó ọkọ̀ lọ. Bí ọkọ̀ bá kọjá Toll Gate tó dé Alákukọ, bàbá ti kúrò ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ó ti bọ́ sọ́wọ́ ọlọ́pàá Èkó, tí kò gbọ́ pé wọ́n ń wá bàbá kankan. Ohun tí mo rò nìyí tí mo fi ní ó yẹ kí ìjọba Ògùn dá ètò ìkéde sílẹ̀ fún àgbàlagbà tó bá sọnù, kí wọ́n ti Ọ̀tà bẹ̀rẹ̀, kí ìkéde máa jáde láàárín wákàtí kan, kó sì dé Èkó láàárín wákàtí yẹn náà.

Ẹ wo bí a ti ń ṣe é báyìí. Mọ̀lẹ́bí á kọ́kọ́ wá a jẹ́jẹ́, kí ayé má baà sọ pé wọn ò tọ́jú ìyá wọn. Ẹnìkan á ní ọlọ́pàá kì í gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ àfi tó bá pé wákàtí mẹ́rìnlélógún. (Inú fíìmù ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́ wákàtí mẹ́rìnlélógún yìí.) Nígbà tó bá yá, fọ́tò á dé orí WhatsApp: ìyá nínú léèsì, gèlè gogoro, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, fọ́tò ọjọ́ ìnáwó. Bẹ́ẹ̀, ìró àǹkárá tó ti ṣá ni ìyá ró jáde, sílípáàsì ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò sì bára mu. Ẹni tó bá pàdé rẹ̀ ní Jojú ní Sángò kò lè mọ̀ pé òun náà ni. Kò tún sí déètì lára ìkéde ọ̀hún. Ìyá á ti délé, á ti jẹun, á ti sùn, ìkéde rẹ̀ á ṣì máa káàkiri ìlú ní ọdún kejì.

Ní àdúgbò àtijọ́ Ọ̀tà, àwọn Àwórì mọ ìyá ta ni ń kọjá. Àmọ́ iṣẹ́ fáktìrì ló kó ọ̀pọ̀ nínú wa wá síbí, àwa náà la sì lọ kó òbí wa wá láti Ọ̀ṣun, láti Kwara, láti Benue. Ọmọ tó ń ṣe ṣíìfù wákàtí méjìlá á jáde ní ìdájí, á wọlé lálẹ́. Aládùúgbò rẹ̀ ń ṣe ti òru, ó ń sùn lọ́sàn-án. Kí wọ́n tó mọ̀ pé ìyá ò sí nílé, ó lè ti rin wákàtí mẹ́jọ. Ìwọ̀nba àsìkò tó kù la tún fẹ́ fi dúró de ọ̀la.

Ìyá arúgbó tó bá sì dúró lẹ́nu ọ̀nà onílé ní àfẹ̀mọ́júmọ́, tí kò lè sọ orúkọ ara rẹ̀, a mọ orúkọ tí wọ́n máa ń fún un ní ilẹ̀ wa. Wọ́n á ní ẹyẹ ló já lulẹ̀ tó di ènìyàn. Bí àdúgbò bá ti gbọ́ lálẹ́ àná pé ìyá kan tó ń ṣarán sọnù, ẹnìkan á wà níbẹ̀ tí á pariwo pé: “Ẹ má fọwọ́ kàn án, òun ni wọ́n ń wá!”

Àwọn kan á ní àìsàn òyìnbó ni ìgbàgbé àgbà yìí. Rárá o. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun, Adésọlá Ògúnníyì àtàwọn akẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ ìwádìí àrùn ìgbàgbé láàárín àwọn àgbà Ìdíkàn n'Íbàdàn ní 1992, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Àbájáde ọdún 2001 ní 1.35 nínú àgbà 100 ló ń bẹ̀rẹ̀ àìsàn náà lọ́dún n'Íbàdàn, 3.24 ní Indianapolis. Tiwa kéré, ṣùgbọ́n ó wà.

Ní Atlanta ní Amẹ́ríkà, ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Mattie Moore jáde nílé ní 2004, kò padà. Oṣù púpọ̀ lẹ́yìn náà ni wọ́n rí òkú rẹ̀, kò sì jìnnà sílé. Orúkọ rẹ̀ ni ìpínlẹ̀ Georgia, níbi tí Atlanta wà, fi sọ òfin ìkéde wọn fún àgbà tó bá sọnù ní 2006. Ní Japan, ọ̀pọ̀ ìlú ló ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn àdúgbò sọ aṣọ tí àgbà tó sọnù wọ̀. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn kì í ṣe ìṣòro wa ní Ọ̀tà. Èyí tó ń jí wa ní ìdájí ní mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì, kó bá wa ṣiṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì lọ́sàn-án.

Ẹni tí yóò pàṣẹ ni a ò ní. Kí DPO, ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá, ní agbára láti gbé ìkéde jáde fún ẹni tó bá lé ní ọgọ́ta ọdún, tí ìgbàgbé tàbí àìsàn ń bá jà. Kó dé ọ̀dọ̀ alága gáréèjì, baálẹ̀, ilé ìjọsìn, rédíò àti ọlọ́pàá Èkó, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mọ̀lẹ́bí. Aṣọ ọrùn àgbà náà ni kí wọ́n kọ́kọ́ sọ. Kí nọ́ńbà inú ìkéde náà jẹ́ 112 tàbí ti àgọ́ ọlọ́pàá, torí tí ti mọ̀lẹ́bí bá jáde, àwọn gbájúẹ̀ á pè: ìyá yín wà lọ́dọ̀ wa, ẹ fowó ránṣẹ́.

Lóòótọ́, bí ìkéde bá pọ̀ jù, etí á di sí i. Nítorí náà, kí ti Ọ̀tà mọ sí ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ Ọ̀tà ń gbà, bí wọ́n bá sì ti rí àgbà náà, kí wọ́n kéde ìyẹn pẹ̀lú.

Kí ìjọba Ògùn àti ti Èkó jọ jókòó lé e lórí. Kí wọ́n tó ṣe é, ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ṣíìfù lọ́la, ẹ ya ìyá yín ní fọ́tò nínú aṣọ tó wọ̀ láàárọ̀ kí ẹ tó jáde, kí ẹ sì rán nọ́ńbà yín mọ́ etí ìró rẹ̀.