Ọdún Mẹ́rin ní Ìkẹjà, N Kò Gbọ́ Fẹlá

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, okun o. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń kí ara wa ní Ògìdì, nílẹ̀ Ìjùmú, ìkíni náà ni wọ́n sì fi ń pe gbogbo àwa ará agbègbè Kàbà ní Okun. Àwọn olóòtú ìwé yìí ní kí n kọ nǹkan lórí orin. Bí wọ́n bá ń retí iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé, kí wọ́n má bínú, nítorí ọ̀rọ̀ àbámọ̀ ni mo gbé wá. Àwọn àgbà ní gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé, wọn kò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Láti ọdún 1997 ni èmi náà ti ń wá ẹbọ ọ̀hún.

Fẹlá Aníkúlápó-Kútì ni mo ń wí. Nígbà tí mo ń kàwé ní Èkó, ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ògbà ni mo ń gbé. Ẹni tí ó bá mọ Ìkẹjà mọ̀ pé láti Ògbà dé Pepple Street, níbi tí Shrine wà nígbà náà, kì í ṣe ìrìn àjò. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi gbé ibẹ̀. Bí ọjọ́ Jímọ̀ bá ti dé ni ọ̀rẹ́ mi kan yóò ti wá kan ilẹ̀kùn pé kí a lọ, nítorí alẹ́ Jímọ̀ ni Fẹlá máa ń ṣe yábíìsì, tí yóò máa fi ìjọba àti àwọn ọlọ́lá ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo èrò. Èsì kan náà ni mo máa ń fún un: "Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣé Fẹlá ń lọ síbì kan ni?"

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní tirẹ̀ ti kìlọ̀ fún mi pé wọn kò rán mi wá láti Ògìdì kí n wá máa fa igbó l'Ékòó. Mo lè di ẹ̀bi náà rù ú, ṣùgbọ́n irọ́ ni yóò jẹ́. Ọ̀lẹ ni mo ya. Mo sì ní kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bíi mẹ́jọ nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo rò pé ẹni tí ó ní kásẹ́ẹ̀tì ti ní Fẹlá.

Oṣù kẹjọ ọdún 1997 bá mi nílé, ní Ògìdì. Rédíò ni mo ti gbọ́ pé Fẹlá kú ní ọjọ́ kejì oṣù náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí, ló bọ́ síta tí ó sọ fún ayé pé àrùn éèdì ni. Nígbà tí wọ́n tẹ́ òkú rẹ̀ sí Tafawa Balewa Square, tí èrò ń wọ́ bí omi, orí àpáta lẹ́yìn ilé wa ni mo jókòó sí, tí mo ń yí rédíò kiri bóyá n ó rí ilé iṣẹ́ tí ń lu orin rẹ̀.

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ló wá dé? Ṣebí orin rẹ̀ wà nílẹ̀? Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣe ọkùnrin yìí ẹ mọ̀ pé bí ó bá ti gbé orin kan sínú àwo, ó ti parí pẹ̀lú rẹ̀ nìyẹn. Kì í lù ú lójú agbo mọ́. Òǹwòran a máa kígbe pé kí ó lu èyí tí wọ́n mọ̀, kò ní dá wọn lóhùn. Orin tí kò tíì sí nínú àwo ni ó ń lù fún wọn, oṣù dé oṣù, tí yóò máa pààrọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, tí yóò máa tún ìlù rẹ̀ tò. Àwo rẹ̀ tuntun tó kẹ́yìn, Underground System, jáde ní ọdún 1992. Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Láti ìgbà náà títí ó fi kú, ohun tí ó ń ṣẹ̀dá kò dé ọjà. Ó lu Condom Scallywag and Scatter níbẹ̀, ó lu Chop and Clean Mouth níbẹ̀, kò gbé ìkankan nínú wọn jáde nínú àwo. Páálí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi kò mọ̀ wọ́n rí. Àwọn ọdún yẹn kan náà ni èmi fi ń sùn ní Ògbà ní alẹ́ Jímọ̀.

Àwọn kan nínú yín yóò ní Ọlọ́run ló kó mi yọ, pé ibi igbó àti ibi tí ọlọ́pàá ti ń kó ènìyàn ni. N kò ní jiyàn. Òótọ́ wà níbẹ̀, ìyá mi náà ì bá sunkún bí wọ́n bá mú mi. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ wa kan lọ, wọ́n sì padà sí kíláàsì lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ní ọdún 2000, àwọn ọmọ rẹ̀ ṣí Shrine tuntun sí Agídíngbí. Mo ti dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dára, ó mọ́ ju ti àtijọ́ lọ, bí wọ́n ti wí. Bàbá kò sí níbẹ̀.

N kò bá fi kálámù sílẹ̀ síbí, ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn wà tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo ń ṣọ̀fọ̀ Fẹlá yẹn, òkú àgbà kan wà ní agbo ilé kejì sí tiwa. Àwọn obìnrin ń kọrin níbẹ̀ lóru, àwọn ìyá tí mo ń rí nídìí òfì wọn lójoojúmọ́. Èmi ń wá orin Fẹlá lórí rédíò, ariwo wọn kò jẹ́ kí n gbọ́. Mo dìde, mo ti fèrèsé.

Mo rò ó wò lọ́dọọdún bí Ọ̀sẹ̀ Yorùbá bá dé ní ọgbà wa, tí a gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńláńlá kalẹ̀, tí a háyà ẹni tí yóò máa tẹ orin fún wa láti inú kọ̀ǹpútà, tí a sì ń jó pé àṣà ni a ń gbé lárugẹ. Iye owó ẹ̀rọ yẹn tó láti fi ọkọ̀ kó àwọn ìyá mẹ́fà wá láti Ògìdì, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n sùn, kí wọ́n sì gba ẹ̀bùn lọ sílé. Mo ti dá a lábàá lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní àwọn ọmọ kò ní gbádùn rẹ̀.

Nígbà tí mo lọ sílé fún ọdún iṣu kẹ́yìn, mo wá ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà rí. Mo gbé fóònù mi síwájú rẹ̀, mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ orin òkú àgbà yẹn fún mi." Ó dá a, ó dúró, ó tún un dá, ó tún dúró. Ó ní kì í ṣe orin tí ẹnìkan ń dá kọ, àwọn tí í gbè é ti lọ tán.