Fláíwíìlì Fífúyẹ́ Nínú Ọkọ̀ MGB Àtijọ́: Eré Tó Yẹ Kí Ènìyàn Rò Lẹ́ẹ̀mejì

Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2018 ni ìjọba Ìlú Ọba ti yọ̀ǹda pé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó bá ti lé ní 40 ọdún, tí wọn kò sì ṣe àyípadà ńlá sí lára, kò nílò àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n ń pè ní MOT mọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ ló yọ̀ sí òfin náà. Àmọ́ òmìnira kì í dá wá, ó máa ń gbé ojúṣe dání. Bí ìjọba kò bá yẹ ọkọ̀ wò mọ́, ọgbọ́n orí ẹni tó ni ín ló kù tí yóò dáàbò bo òun àti ẹni tó jókòó tì í. Ọ̀rọ̀ fláíwíìlì fífúyẹ́ jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí a ti ń dán ọgbọ́n yẹn wò.

Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ MGB ṣe àpẹẹrẹ. Ìlú Abingdon ni wọ́n ti ṣe é, láti ọdún 1962 títí di ọdún 1980, iye tí wọ́n sì ṣe lé ní 500,000. Ẹ́ńjìnnì onípísítìnì mẹ́rin tó jẹ́ lítà 1.8 ló wà nínú púpọ̀ jù lọ nínú wọn. Ọkọ̀ náà kópa nínú eré ìje Le Mans ní ọdún 1963, 1964 àti 1965, ó sì parí eré náà ní ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé ẹni tó ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lónìí yóò fẹ́ kó máa fò bí ẹyẹ. Ọ̀kan nínú ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sì máa ń dámọ̀ràn fún un ni pé kó dín ìwúwo fláíwíìlì kù.

Kí ni fláíwíìlì? Ẹni tó bá ti rí ìyá àgbà tó ń fi ìranwú ran òwú rí ti mọ̀ ọ́n láìmọ̀. Amọ̀ roboto tó wà ní ìsàlẹ̀ igi ìranwú ló ń jẹ́ kí igi náà máa yí pẹ́ lẹ́yìn tí ọwọ́ bá ti kúrò lára rẹ̀. Bákan náà ni fláíwíìlì rí: irin roboto tó wúwo ni, ẹ̀yìn kíráǹkì ni wọ́n dè é mọ́, òun sì ni kílọ́ọ̀ṣì máa ń gbá mú. Nínú ẹ́ńjìnnì onípísítìnì mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni iná máa ń bú láti ti kíráǹkì ní gbogbo ìgbà tó bá yí po lẹ́ẹ̀kan. Láàárín ìbúgbàù kan sí èkejì, fláíwíìlì ló ń gbé iṣẹ́ náà dúró kí ẹ́ńjìnnì má baà gbọ̀n tàbí kú. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Fláíwíìlì ni àgbà inú ẹ́ńjìnnì.

Àwọn tó fara mọ́ dídín ìwúwo rẹ̀ kù kò parọ́. Bí irin náà bá fúyẹ́, ẹ́ńjìnnì yóò yára dá ẹsẹ̀ epo lóhùn, yóò sì yára sọ̀kalẹ̀ nígbà tí awakọ̀ bá fẹ́ pààrọ̀ jíà. Lórí pápá eré ìje, níbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ jíà léraléra, àǹfààní ńlá nìyẹn. Ilé iṣẹ́ Porsche náà fi fláíwíìlì fífúyẹ́ sínú ọkọ̀ 911 Carrera RS rẹ̀ ti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ṣùgbọ́n èyí tó wúwo ni ilé iṣẹ́ kan náà fi sílẹ̀ fún Carrera 2 tí àwọn ará ìlú ń wà lọ síbi iṣẹ́. Ó yẹ kí ìyàtọ̀ yìí kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́.

Ohun tí àwọn olùdámọ̀ràn kì í sábà sọ ni pé fláíwíìlì fífúyẹ́ kò fi agbára kankan kún ẹ́ńjìnnì. Bí ọkọ̀ bá ń lọ ní eré kan náà láìyí padà, ìwúwo fláíwíìlì kò ní ohunkóhun ṣe sí i. Ìgbà tí eré bá ń pọ̀ sí i nìkan ni ànfààní rẹ̀ máa ń hàn, jíà kìíní ló sì ti máa ń hàn jù. Bí MGB bá ń lọ ní eré kan náà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí ju ìlọ́po mẹ́ta lọ ní jíà kìíní ju ti jíà kẹrin lọ, ipa fláíwíìlì sì fi ju ìlọ́po mẹ́sàn-án lọ pọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá fi máa dé jíà kẹrin lójú ọ̀nà márosẹ̀, ohun tí wọ́n náwó lé lórí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìtàn.

Gbèsè rẹ̀ kì í sì í pẹ́ kó tó dé. Ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ nígbà tí ọkọ̀ bá dúró yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bí kábúrétọ̀ SU méjèèjì kò bá dọ́gba, àléébù tí irin wúwo ń bò mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ yóò jáde síta. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní London tàbí Birmingham, awakọ̀ ní láti tẹ epo sí i kí ọkọ̀ má baà kú, kílọ́ọ̀ṣì yóò sì máa gbóná. Irin tó ti dínkù kò lè gba ooru náà mọ́ra bíi ti tẹ́lẹ̀.

Síbẹ̀, gbogbo èyí ṣì kéré sí ewu tó wà nínú gbígbẹ́ irin àtijọ́. Irin àdàrọ́ ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ fláíwíìlì ayé àtijọ́. Irú irin bẹ́ẹ̀ lè ti sán láti inú ooru kílọ́ọ̀ṣì láìjẹ́ pé ojú rí i. Bí ẹ́ńjìnnì bá sì yí ní ìlọ́po méjì, agbára tó ń fa irin náà ya yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Bí ó bá fọ́ lórí eré, àfọ́kù rẹ̀ lè la ilé tó bò ó kọjá, ẹsẹ̀ awakọ̀ àti ti ẹni tó jókòó tì í kò sì jìnnà síbẹ̀. Kódà nígbà tí MOT ṣì jẹ́ dandan, kò sí olùyẹ̀wò tó ń tú inú ibẹ̀ wò.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé fláíwíìlì tí ọkọ̀ rẹ̀ bá wá fún ẹni tó ń gbẹ́ irin. Irin tí wọ́n bá ti gbẹ́ kúrò kò ṣe é dá padà. Ẹni tó bá dá lójú pé òun nílò èyí tó fúyẹ́, kó ra tuntun tí wọ́n fi irin sítíìlì ṣe fún iṣẹ́ náà gan-an. Bó bá sì jẹ́ ti alumíníọ́mù, kó rí i dájú pé irin sítíìlì wà lójú ibi tí kílọ́ọ̀ṣì ti ń fara kàn án. Kó jẹ́ kí wọ́n yí i pọ̀ mọ́ kíráǹkì àti ìdérí kílọ́ọ̀ṣì láti wò bóyá wọ́n dọ́gba. Kó sì tọ́jú ti àtijọ́ pamọ́ sórí pẹpẹ, nítorí ẹni tó máa ra ọkọ̀ náà lọ́la lè fẹ́ ẹ. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì MGB gbọ́dọ̀ jáde kí wọ́n tó lè pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ọjọ́ tí kílọ́ọ̀ṣì bá jẹ tán ni ọjọ́ tó yẹ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí ara bá ń yá èèyàn.

Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Táyà tuntun, bíréèkì tó ń mú dáadáa àti kábúrétọ̀ tó dọ́gba yóò mú kí MGB dùn ún wà ju irin fífúyẹ́ lọ, wọn yóò sì gba ẹ̀mí là. Àwọn tó ń lọ síbi eré ìje lè tẹ̀ síwájú pẹ̀lú ìmọ̀ràn mẹkáníìkì tó mọṣẹ́. Ní ti ẹni tó kàn ń fi ọkọ̀ náà gba afẹ́fẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, kó jẹ́ kí àgbà inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jókòó síbi tó wà.