Ìjó Orí Yìnyín àti Òkìtì Alárìnjó

Nígbà tí mo yà sí ilé àbúrò mi ní Òṣú ní ọjọ́ kan, ọmọ rẹ̀ obìnrin kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo wọlé. Tẹlifíṣàn ló gbájú mọ́. Nígbà tí ó rí mi, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ wá wo ohun tí àwọn ará Jàpáàn ń ṣe!"

Kàtúùnù tí à ń pè ní Pretty Rhythm: Aurora Dream ni, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé sáfẹ́fẹ́ ní Jàpáàn ní 2011. Àwọn ọmọbìnrin inú rẹ̀ ń kọrin, wọ́n ń fi bàtà onírin sáré lórí yìnyín, wọ́n ń fò, wọ́n ń pòyì. Aṣọ tí wọ́n yàn sì jẹ́ apá kan ìdíje náà. Mo jókòó, mo wò ó tán. Bí mo bá ní n kò gbádùn rẹ̀, irọ́ ni mo pa.

Ohun tí ó bí mi nínú kò ju èyí lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ìró bàtá dún ní ìsàlẹ̀ àdúgbò. Aya àbúrò mi sáré ti fèrèsé. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, eré òrìṣà nìyẹn."

Kí wá ni eégún alárìnjó ń ṣe? Ó ń pe ẹ̀ṣà, ó ń jó bàtá, ó ń ta òkìtì, ó ń pa idán, aṣọ ara rẹ̀ a sì yí padà níṣojú òǹwòran. Orí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ pupa ni ó ti ń ṣe é. Ẹni tí ó bá ṣubú kò rí yìnyín yọ̀ lé. Irú eré yìí ni Aláàfin fi ṣe Clapperton lálejò ní Ọ̀yọ́-Ilé ní 1826. Òṣèré kan di òjòlá, òmíràn di òyìnbó. Clapperton fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé ìrìn òyìnbó ọ̀hún dà bí ti ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ dídì. Wọ́n fi àlejò ṣẹ̀fẹ̀ lójú ara rẹ̀!

Pé ìdí egúngún ni eré yìí ti ṣẹ̀, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ó ti di ìdárayá tọkùnrin tobìnrin. Ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá gan-an ni Ọ̀gúǹdé ti bẹ̀rẹ̀ eré tirẹ̀ ní 1944. Ní Òṣogbo, tí kò jìnnà sí wa, Dúró Ládípọ̀ fi ìlù Yorùbá sí orin Àjíǹde, inú àwọn kan kò dùn. Ó dá Mbari Mbayọ̀ sílẹ̀ ní 1962, nígbà tí yóò fi di 1964, Ọba Kò So ti dé Berlin.

Síbẹ̀, ẹ̀bi àwa olùkọ́ Yorùbá pọ̀ ju ti ìyá ọmọ yìí lọ. Láti 1969 tí J. A. Adédèjì ti fi iṣẹ́ lórí alárìnjó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Ìbàdàn, ìwé ni à ń kọ, Gẹ̀ẹ́sì ni a sì fi ń kọ èyí tí ó pọ̀ jù. Àwọn ará Jàpáàn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ eré tí ọmọdé fi ń yan aṣọ ijó ni wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní 2010, kàtúùnù tẹ̀ lé e. Èwo nínú wa ni ó ti ṣe ohun tí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lè jókòó tì?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ náà bi mí bóyá àwọn onílù àná náà ní ẹni tí ń pòyì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun fẹ́ rí i. Ìwé mi nìkan ni mo ní lọ́wọ́. Ó ṣí ojú ìwé méjì wò, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún mi.