Ìtàn Escomb àti Ṣọ́ọ̀ṣì Rẹ̀

Ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a há sórí ní kékeré, ìtàn ọba ni: ta ni ó jọba, ta ni ó rọ́pò rẹ̀, ọdún wo ni wọ́n jagun. Lójú tiwa, ìletò kan ṣoṣo lè kọ́ ọmọdé ju gbogbo orúkọ wọ̀nyẹn lọ. Escomb ni a fi ṣe ẹ̀rí.

Ìletò kékeré ni, lẹ́bàá odò Wear ní ẹkùn Durham, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn onímọ̀ sọ pé ní nǹkan bí ọdún 675 ni a kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Bede, mọ́ńkì Jarrow, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn ìjọ ilẹ̀ náà ní ọdún 731, ń gbé ní agbègbè kan náà, síbẹ̀ kò dárúkọ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó mọ orúkọ ọ̀mọ̀lé náà. Òkúta nìkan ni ó kù láti sọ̀rọ̀.

Òkúta náà kì í sì í ṣe tuntun. Àwọn ọmọ ogun Róòmù ti tẹ̀dó sí Binchester, nítòsí ibẹ̀. Nígbà tí agbára Róòmù kúrò ní ilẹ̀ náà ní nǹkan bí ọdún 410, ibùdó wọn dahoro, ibẹ̀ ni a sì ti rí òkúta fi kọ́ ilé Ọlọ́run. Ọ̀kan wà lára ògiri ìhà àríwá tí a fín àmì ẹgbẹ́ ogun kẹfà Róòmù sí, ṣùgbọ́n ó dorí kodò. Bóyá ọ̀mọ̀lé kò mọ̀wé, bóyá ó mọ̀ ọ́n ṣùgbọ́n kò kà á sí. Èyí tí ó wù kí ó jẹ́, ó dùn mọ́ wa púpọ̀. Agogo oòrùn àtijọ́ sì wà lára ògiri ìhà gúúsù títí di òní.

Ní ọdún 1863 wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn, wọ́n sì fi ti àtijọ́ sílẹ̀. Àwọn kan bá wọn wí fún èyí. Àwa kò bá wọn wí pé wọ́n kọ́ tuntun, nítorí iṣẹ́ èédú ti mú kí ènìyàn pọ̀ níbẹ̀, ilé àtijọ́ sì há. Ohun tí ó dùn wá ni pé wọ́n jẹ́ kí òrùlé rẹ̀ bàjẹ́, tí òjò fi ń rọ̀ sí ibi tí ìran púpọ̀ ti kúnlẹ̀. Láàrin ọdún 1875 sí 1880 ni a tó tún un ṣe. Ti ọdún 1863 ńkọ́? Wọ́n wó o ní ọdún 1971. Ilé àtijọ́ ni ìjọ sì ń lò.

Ẹnìkan yóò wí pé ìdánwò kò ní bèèrè Escomb. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ yọ ìdajì wákàtí kan sọ́tọ̀ lára àkókò àwọn ọba, kí ó ya ògiri náà sójú pátákó, kí ó sì bi àwọn ọmọ léèrè ìdí tí òkúta kan fi dorí kodò.