Bárakú Ọtí: Èèwọ̀ Tí A Jọ Ń Pa Mọ́ Kì Í Wúwo

Kò sí ayẹyẹ pàtàkì kan láàárín àwọn Yorùbá tí ọtí kò ní àyè tirẹ̀ níbẹ̀. A ń fi í wúre fún ọmọ tuntun, a ń gbé e síwájú àna, a sì ń ta á sílẹ̀ fún àwọn tí ó ti lọ. Ṣùgbọ́n àṣà kan náà tí ó fún ọtí ní ipò yìí ni ó sọ ìtàn Ọbàtálá fún ọmọ aráyé: bí Olódùmarè ti rán an wá dá ilé ayé, bí ó ti mu ẹmu yó lójú ọ̀nà tí oorun sì gbé e lọ, àti bí Odùduwà ti gba iṣẹ́ náà ṣe. Láti ìgbà náà ni ẹmu ti di èèwọ̀ fún Ọbàtálá àti àwọn olùsìn rẹ̀.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kíyè sí. Kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń pa èèwọ̀ náà mọ́. Gbogbo agbo ni. Nígbà tí agbè ẹmu bá ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, aláṣọ funfun kì í wá àwáwí, nítorí gbogbo ìlú ni ó mọ̀ pé òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í fẹnu kàn án.

Ẹ wá wo ẹni tí ọtí ti di bárakú fún lóde òní. Òun nìkan nínú yàrá rẹ̀ ni ó ń búra pé òun kò ní mu ún mọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti tún wà ní ìsọ̀ ọlọ́tí. Aya ń sunkún, àwọn ọmọ ń sá fún un, ẹbí ní kò ní ìtìjú. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìtìjú gan-an ni kò jẹ́ kí ó lè là á mọ́lẹ̀ pé apá òun kò ká a mọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ ọ́ fún?

Ìṣòro yìí gan-an ni ó dojú kọ Bill Wilson, oníṣòwò kan láti New York, nígbà tí ó wà ní ìlú Akron ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní oṣù karùn-ún ọdún 1935. Ó ti tó oṣù márùn-ún tí ó ti jáwọ́ nínú ọtí, ṣùgbọ́n òwò tí ó bá lọ forí ṣánpọ́n, ọkàn rẹ̀ sì tún ń fà sí ìgò. Ó mọ̀ pé bí òun bá dá wà, òun yóò mu. Ló bá lọ sídìí tẹlifóònù, ó ń pe àwọn àlùfáà ìjọ, ó ń wá ọ̀mùtí mìíràn tí òun lè bá sọ̀rọ̀. Báyìí ni ó ṣe di ojúlùmọ̀ Dókítà Bob Smith, ẹni tí ọtí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé rẹ̀ jẹ́. Àwọn méjèèjì fikùn lukùn. Láti oṣù kẹfà ọdún náà títí tí ó fi kú ní 1950, dókítà yìí kò mu ọtí mọ́. Ìjíròrò ènìyàn méjì yìí ni ó di ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous tí ó ti tàn ká ayé.

Ìlànà ẹgbẹ́ náà kò ṣòro. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí lè di ọmọ ẹgbẹ́. Wọn kì í gba owó ìwọlé, wọn kì í sì í yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nítorí ẹ̀sìn. Orúkọ kan ṣoṣo tó fún ìdánimọ̀, a kì í sì í gbé ọ̀rọ̀ ìpàdé jáde. Ẹni tí ó ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ a máa ṣe onígbọ̀wọ́ fún ẹni tuntun. Wọn kì í ṣèlérí ti ọdún mẹ́wàá; ti òní nìkan ni.

Ṣé àjèjì ni èyí sí Yorùbá? Rárá o. Àáró ni àwọn méjèèjì ṣe ní Akron: bí ẹnì kìíní ti ń ro oko ẹnì kejì ni tirẹ̀ náà ń mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni Dókítà Adéoyè Lámbò ṣe bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Àró, l'Ábẹ́òkúta, ní 1954, tí àwọn aláìsàn ọpọlọ ń gbé láàárín àwọn ará abúlé tí wọ́n sì ń gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn. Ó mọ̀ pé àárín ènìyàn ni ara ènìyàn ti ń yá.

Kí ẹni tí ó bá ń wá irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ rí dókítà, nítorí fún ẹni tí ó ti ń mu ún gan-an láti ọjọ́ pípẹ́, ìjáwọ́ lójijì lè fa ara gbígbọ̀n àti gìrì tí ó lè gbẹ̀mí ẹni. Níbẹ̀ náà ni kí ó ti béèrè ibi tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń pàdé. Bí ojú bá ń tì í ní ìlú rẹ̀, kí ó lọ sí ìlú kejì. Bí kò bá sì sí ìkankan nítòsí, kí ó rántí pé ènìyàn méjì péré ni ó bẹ̀rẹ̀ ní Akron.

Ó ku iṣẹ́ kan fún ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin àna àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́. Nígbà tí ẹnì kan bá sọ lóde àríyá pé òun kò mu ọtí mọ́, ẹ má ṣe rọ̀ ọ́ pé kí ó tọ́ díẹ̀ wò. Kò sí ẹni tí í fi ẹmu lọ aláṣọ funfun. Ẹ fi ọ̀wọ̀ kan náà wọ ẹni tí ó ń tiraka yìí, kí ẹ sì bu omi tútù fún un.