Abẹ́rẹ́ Kì í Pa Ilà Rẹ́

Ẹni tó bá wọ Àpòmù lónìí yóò ṣì rí àwọn àgbàlagbà tí pélé tàbí àbàjà wà lójú wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, nígbà tí wọ́n ń jí ọmọlọ́mọ tà lẹ́rú lọ́jà Àpòmù, tí ọ̀ràn náà sì di ogun Òwu, ilà ojú a máa sọ ìlú tí ènìyàn ti wá. Ohun tó jẹ́ ẹ̀rí nígbà náà ni ọ̀pọ̀ ń wá ọ̀nà láti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ti fòfin de kíkọ ilà fún ọmọdé, mo sì fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kí ni ti àwọn tí wọ́n ti kọ ọ́ fún?

Àwọn kan gbà pé abẹ́rẹ́ Botox ni ìdáhùn. Rárá o. Májèlé tí kòkòrò àìfojúrí kan ń pèsè ni Botox; ìwọ̀nba kín-ún rẹ̀ ni dókítà ń lò láti mú kí iṣan ojú sinmi fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Ojú ẹ̀dá kì í sì í sinmi: a ń rẹ́rìn-ín, a ń fajú ro, a ń jẹun, iṣan sì ń fa etí ọgbẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún títí àpá yóò fi fẹ̀. Bí oníṣẹ́ abẹ bá gé àpá àtijọ́ kúrò, tó rán ojú rẹ̀ pọ̀, tó sì fún iṣan tó wà nítòsí ní abẹ́rẹ́ yìí, ọgbẹ́ náà á ráyè jinná, àpá tuntun á sì tínrín. Àpá la fi pààrọ̀ àpá.

Ìwádìí tí Mayo Clinic ti Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 2006 lórí ènìyàn 31 ti èyí lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ iwájú orí ni wọ́n yẹ̀ wò. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni ilà tiwa sábà máa ń wà, níbi tí iṣan ẹ̀rín wà. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣìnà níbẹ̀, ẹnu lè wọ́. Awọ dúdú tiwa sì tún máa ń ní àpá tó ń wú ju ti àwọn òyìnbó lọ.

Ẹni tí mo rò pé abẹ́rẹ́ yìí lè wúlò fún jù ni ẹni tí jàǹbá ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ya lójú ní títì Ìbàdàn sí Ifẹ̀. Àpòmù wà láàárín ilé ìwòsàn ńlá UCH n'Íbàdàn àti ti Fásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ n'Ífẹ̀. Oníṣẹ́ abẹ wà níbẹ̀. Bí aṣaralóge kan bá ń ta abẹ́rẹ́ náà fún yín nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ kọ́kọ́ bi í pé ta ni yóò gé ilà náà, ta ni yóò sì rán an.