Etí Òkun Gbalasa àti Etí Omi Abẹ́ Ààbò: Èwo Ni Ó Yẹ fún Ìsinmi Ìdílé?

Nígbàkúùgbà tí ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́ bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tàbí tí ọdún Kérésìmesì, Àjíǹde tàbí Iléyá bá ń bọ̀, àwọn ọmọ ilé wa a bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ pé kí á mú àwọn lọ sí etí òkun. Ẹ̀bẹ̀ náà kò burú. Atẹ́gùn òkun a máa tu ni lára, iyanrìn a sì máa fún ọmọ ní ibi eré tí kò sí ní àgbàlá ilé. Ṣùgbọ́n gbogbo etí omi kọ́ ni ó rí bákan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé omi iyọ̀ kan náà ni ó ń fọ̀ wọ́n. Nípa ìyàtọ̀ yìí ni a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, nítorí tí ẹ̀mí ọmọ wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi Èkó ṣe àpẹẹrẹ, nítorí níbẹ̀ ni irú etí omi méjèèjì gbé súnmọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn láti ọ̀kan dé èkejì. Láti ọdún 1908 ni ìjọba òyìnbó ìgbà náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ògiri òkúta ńláńlá wọ inú òkun ní ẹnu ọ̀nà ọ̀sà Èkó, kí iyanrìn má baà máa dí ọ̀nà mọ́ àwọn ọkọ̀ òkun. Láti Abẹ́òkúta ni a ti ń fi ọkọ̀ ojú irin kó òkúta wá fún iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn ògiri ti ìhà ìwọ̀-oòrùn ni Tarkwa Bay wà, níbi tí omi gbé ya wọ inú ilẹ̀, tí ilẹ̀ sì yí i ká bí apá ìyá tí ó gbá ọmọ mọ́ra. Ìgbì òkun a ti fọ́ mọ́ òkúta kí ó tó dé ibẹ̀. Nítorí náà omi tí ó kan iyanrìn kò ní agbára púpọ̀ mọ́. Bí a bá sì la ilẹ̀ náà já sí ìhà gúúsù, a ó bọ́ sí etí òkun gbalasa tí a ń pè ní Lighthouse Beach. Ilẹ̀ kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ojú omi méjì ni, ìwà wọn kò sì bára mu rárá.

Kí ni ó mú kí òkun gbalasa le tó bẹ́ẹ̀? Etí òkun wa, láti Àgbádárìgì títí dé Lẹ́kí, gúúsù ni ó kọjú sí, kò sì sí erékùṣù kan níwájú rẹ̀ tí ó lè gba ìgbì dúró. Ìjì tí ń jà ní ọ̀nà jíjìn réré, ní ìhà gúúsù òkun Àtìláńtíìkì, ni ó ń rán ìgbì náà sí wa. Ìdí nìyí tí oòrùn fi lè máa ràn, tí imọ̀ àgbọn kò sì mì, síbẹ̀ tí òkun ń hó. Ní àkókò òjò ni ó máa ń le jù, ṣùgbọ́n kò sí oṣù kan nínú ọdún tí a lè fọwọ́ sọ̀yà fún. Pẹ̀lú èyí, ilẹ̀ abẹ́ omi a máa dà gẹ̀rẹ́ lójijì: ọmọ tí omi mù dé kókósẹ̀ lè gbé ìṣísẹ̀ díẹ̀ sí i, kí ó sì bá ara rẹ̀ níbi tí omi gbé bò ó lórí.

Síbẹ̀, kì í ṣe ìgbì tí ń pariwo ni ó yẹ kí á bẹ̀rù jù, nítorí òun fúnra rẹ̀ a máa ṣe ìkìlọ̀. Ohun tí ó yẹ kí olúkúlùkù òbí mọ̀ ni èyí: gbogbo omi tí ìgbì bá dà sí etí ilẹ̀ gbọ́dọ̀ padà. Nígbà púpọ̀ a máa kó ara jọ gba ojú ọ̀nà tóóró kan padà sínú òkun, gẹ́gẹ́ bí àgbàrá òjò ti ń wá ojú ìṣàn. Ní ojú ọ̀nà yìí ìgbì kì í sábà fọ́. Omi ibẹ̀ a dúdú díẹ̀ ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, a sì dàbí ẹni pé ó pa rọ́rọ́. Àlejò tí kò mọ̀ a wo ọ̀tún, a wo òsì, a sì wí fún àwọn ọmọ pé, “Ibí yìí ni ó dákẹ́, ibí yìí ni kí ẹ ti wẹ̀.” Ẹnu ọ̀nà ewu gan-an ni ó fi wọ́n sí. Ìdákẹ́jẹ́ méjì ni ó wà: ti Tarkwa Bay, ògiri òkúta ni ó mú un wá, ti òkun gbalasa, omi tí ń sá padà ni ó mú un wá. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ wọn dàbí ọmọdé tí kò mọ oògùn, tí ó ń pè é ní ẹ̀fọ́.

Omi tí ń padà yìí kì í fa ènìyàn lọ sí ìsàlẹ̀ bí ọ̀pọ̀ ti rò. Ojú òkun ni í gbé e lọ. Àárẹ̀ àti ìbẹ̀rù ni í pa á, nítorí tí ó ń bá omi jìjàkadì láti padà tààrà. Bẹ́ẹ̀ ni òmùwẹ̀ tí ó lágbára jù pàápàá kì í lè borí rẹ̀. Bí ó bá mú ni, kí á léfòó, kí á na ọwọ́ sókè, kí á ké, kí á sì lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́, ní títẹ̀lé etí ilẹ̀, títí a ó fi jáde kúrò nínú ọ̀nà tóóró náà, kí á tó kọjú sí orí ilẹ̀. Ẹni tí ó wà lórí iyanrìn kò gbọdọ̀ bẹ́ sí omi ní ọwọ́ òfìfo. Nípa báyìí ni ilé kan ṣe ń sin òkú méjì dípò ọ̀kan. Kí ó ju okùn sí i, tàbí kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí a dé lẹ́nu, kí ó sì ké pe àwọn tí ń ṣọ́ omi.

A kò wí pé omi abẹ́ ààbò kò ní àbùkù. Ọkọ̀ ojú omi ni a fi ń dé Tarkwa Bay, owó ọkọ̀ bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́rin kì í sì ṣe kékeré. Ojú ọ̀nà àwọn ọkọ̀ òkun ńlá ni a ó gbà kọjá. Òbí tí ó bá jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wọ ọkọ̀ láìwọ ẹ̀wù tí í mú ènìyàn léfòó ti sọ ààbò tí ó ń wá nù kí ó tó dé ibẹ̀. Níbi tí ìgbì kò ti lágbára, ìdọ̀tí a máa pẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ènìyàn bá sì lúwẹ̀ẹ́ jáde kúrò lábẹ́ ààbò náà sí ọ̀nà ọkọ̀, ìṣàn omi ibẹ̀ kò mọ ọmọ ẹni kankan. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, omi tí kò ju orúnkún àgbà lọ tó láti pa ọmọ kékeré.

Òkun gbalasa pẹ̀lú ní ẹ̀bùn tirẹ̀. Ọkọ̀ ilẹ̀ ni a fi ń dé ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹṣin wà fún gígùn, súyà wà fún jíjẹ, ojú ẹni a sì rí ibi tí ọ̀run àti omi gbé pàdé. Ṣùgbọ́n kí á má ṣe gbàgbé agbára rẹ̀. Ògiri òkúta kan náà tí ó dá ààbò bo Tarkwa Bay ni ó gba iyanrìn dúró ní ìwọ̀-oòrùn, tí òkun fi ń jẹ ilẹ̀ Bar Beach ní ìlà-oòrùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí a fi dí ojú òkun ibẹ̀ láti kọ́ Eko Atlantic. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, òkun ya bo Kuramo, ó sì gbé àgọ́ àti ènìyàn lọ.

Kí wá ni ìmọ̀ràn wa? Àwa kò ka òkun léèwọ̀. Ohun tí a ń wí ni pé kí á fi ojú gbádùn òkun gbalasa, kí á sì fi ara gbádùn omi abẹ́ ààbò. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó fún méjèèjì: kí ìdílé rìn dé Lighthouse Beach, kí àwọn ọmọ wo ìgbì láti orí iyanrìn gbígbẹ, kí wọ́n sì padà wá wẹ̀ ní Tarkwa Bay. Ẹ yan àgbà kan tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju pé kí ó máa wo omi, kí í ṣe oúnjẹ, kí í ṣe ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, kí ẹlòmíràn gbà á. Ẹni tí owó rẹ̀ kò ká ọkọ̀ ojú omi, kí ó lọ sí òkun tí ó súnmọ́ ọn, ṣùgbọ́n kí eré ọmọ rẹ̀ mọ sí orí iyanrìn.

Àwọn baba wa wí pé òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru. Ẹ ka àwọn ọmọ yín kí wọ́n tó wọ omi. Ẹ tún wọn kà bí wọ́n ti jáde. Iye tí ẹ kó lọ ni kí ẹ kó bọ̀.